Lẹ́tà sí gbogbo ẹni tó jẹ Ìyá Olóbì ní gbèsè

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ìnagijẹ yín wà nínú ìwé àwìn Ìyá Olóbì, Sábọ̀n Gàrí, Kánò,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ìyá ti papòdà. Alẹ́ ọjọ́ Àlàmísì kan nínú ọyẹ́ ni wọ́n ṣaláìsí, a sì ti sin wọ́n kí ìrun Jímọ́ọ̀ ọjọ́ kejì tó parí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́, nítorí ìròyìn ikú Ìyá kò lè fara sin ní Sábọ̀n Gàrí. Àwọn Haúsá tó ń ta gorò, bí wọ́n ṣe ń pe obì, tí àwọn bàbá wọn ti ń bá Ìyá dúnàádúrà kí a tó bí wọn, kún ẹnu ọ̀nà wa, "Allah ya jikanta", ìyẹn kí Ọlọ́run ṣàánú Ìyá, lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín gbọ́, ẹ sì jókòó sílé. Ìtìjú ló dá yín dúró. Tìtorí yín ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ kò jẹ wá ní kọ́bọ̀. Gbogbo àwìn tó wà nínú ìwé Ìyá, èyí tí ẹ gbà nígbà tí à ń ná pọ́ùn àti ṣílè, èyí tí ẹ gbà ní náírà, èyí tó jẹ́ obì, èyí tó jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ, èyí tó jẹ́ owó ọkọ̀ lásán, Ìyá ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín pátápátá. Kò sẹ́ni tí yóò wá sin yín lówó. A kò ní ka ìwé náà sétí ẹnikẹ́ni, a kò sì ní fi í han àwọn ọmọ yín.

Bí mo bá mọ ilé yín ni, ǹ bá wá bá yín níkọ̀ọ̀kan. Ìwé náà ni kò jẹ́. Ìyá kò mọ̀wé. Ara ògiri yàrá tí wọ́n ń kó ọjà sí ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ẹfun fà á sí, ilà kan fún apẹ̀rẹ̀ kan, àmì mìíràn fún owó. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, wọ́n ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, àwọn ọmọ sì di akọ̀wé. Nígbà tí àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn, ó kan àwa ọmọ ọmọ. Èmi náà kọ nínú rẹ̀. Bí Ìyá bá ṣe pè é la ṣe ń kọ ọ́, Ìyá kì í sì í bi ẹni tó wá yá nǹkan léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rí lára èèyàn ni wọ́n ń pè. Nítorí náà, ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ìyá ẹlẹ́kọ tó bí ìbejì, apẹ̀rẹ̀ kan." "Màírúwà, owó ọmọlanke." "Ìyàwó sọ́jà, yóò san bí ọkọ bá gbowó oṣù." "Ọmọkùnrin Ṣakí tó máa ń rẹ́rìn-ín, ₦200." "Àgùnbánirọ̀ oníjígí ojú, owó ọkọ̀ dé Bàúṣì." Ojú ìwé kan wà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ ju "Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú" àti iye owó. Orúkọ tó pé kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Lẹ́tà tí gbogbo ayé lè kà nìkan ló lè rí yín.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó kan lórí ibùsùn àìsàn ni mo gbé wá. Kí Ìyá tó kú ni wọ́n ti pe àwọn ọmọ wọn jọ, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lórí ìwé náà. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa béèrè ìbéèrè kan, n kò sì ka ìbéèrè náà sí ahun. Wọ́n ní gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ òkú, ara ogún ni, àti pé nínú òfin ẹ̀sìn wa, ohun tí èèyàn bá fi ṣe wàsíyà, ìyẹn ohun tó ní kí a fi tọrẹ lẹ́yìn ikú òun, fún ẹni tí kì í ṣe ajogún rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ, àfi bí àwọn ajogún bá fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni. Ta ni yóò sì ṣírò ohun tí apẹ̀rẹ̀ obì kan ti 1978 jẹ́ lónìí, tí a ó fi mọ̀ bóyá ó kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta? Àfáà tí a pè ní kí gbogbo ajogún yọ̀ǹda ìpín tiwọn, ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, bàbá tó béèrè ìbéèrè náà ló sì kọ́kọ́ lanu. Ẹni tó bá ti kú nínú yín, kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé gbèsè yìí kò sí lọ́rùn òbí òun mọ́. Èyí jẹ Ìyá lógún ju ohun gbogbo lọ. Wọ́n máa ń bẹ̀rù gbèsè tí òkú gbé lọ.

Àwọn kan nínú yín ti bá Ìyá ní arúgbó, ẹ kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Wọn kò mọ ọjọ́ tí a bí wọn. Nígbà ogun Hítílà, wọ́n ti tó ọmọ tó ń ru ẹrù tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ìyẹn la fi ṣírò, a sì gbà pé wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Réluwé ló gbé wọn wá. Láti 1912 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó wọ Kánò, Ọ̀fà sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ará Ọ̀fà fi tàn ká Òkè Ọya, láti Jẹ́bà dé Mìnà, dé Kàdúná, dé Sáríà, títí wọ Kánò. Àwọn òyìnbó kò fẹ́ kí àwọn àlejò láti Gúúsù máa gbé láàárín ìlú olódi, wọ́n la Sábọ̀n Gàrí fún wọn sẹ́yìn odi. Ibẹ̀ ni bàbá àgbà wa, tí wọ́n ń bá réluwé ṣiṣẹ́, mú ìyàwó wọn wá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí rògbòdìyàn oṣù Karùn-ún 1953 bẹ́ sílẹ̀. Ìyá máa ń sọ pé àwọn kò tíì mọ ọ̀nà ọjà dáadáa tí àwọn ti mọ ibi tí à ń sá sí. Àwọn ará ilé ní Ọ̀fà ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀ wálé. Wọn kò lọ. Wọn kò lọ nígbà yẹn, wọn kò lọ ní 1980 nígbà ìjà àwọn ọmọ ẹ̀yìn oníwàásù Maitatsine, wọn kò lọ ní oṣù Kìíní 2012 nígbà tí bọ́ǹbù ń dún káàkiri ìgboro. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn kan ní Ọ̀fà bínú pé a kò gbé òkú wọn wálé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa. Ohun tí Ìyá fẹ́ la ṣe.

Obì ni wọ́n ń tà, obì gbàǹja, ẹ̀yin tí ẹ rà á lọ́wọ́ wọn sì mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ Gónjà àti ilẹ̀ Àṣáńtì ni obì yìí ti ń wá sí Kánò, lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Agége àti Ṣàgámù gbìn ín tó gbilẹ̀, réluwé bẹ̀rẹ̀ sí í kó o gòkè, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ ẹrù gbà á. Haúsá kì í sọ ọmọ lórúkọ, kì í so yìgì, kì í gba àlejò pàtàkì láìsí gorò, nítorí náà ọjà náà kò kú rí. Bí apẹ̀rẹ̀ bá dé, Ìyá á ti ewé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì sọ iye ọjọ́ tó ti lò lọ́nà. Obì kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ọyẹ́, kò sì fẹ́ omi àpọ̀jù. Bí ewé tó bò ó bá gbẹ, obì náà á rọ, á fúnjọ. Bí omi bá pọ̀, á jẹrà. Kòkòrò tún wà tó ń bá a láti oko wá, tí ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá mọ́ ọn kò ní rí ihò rẹ̀ àfi ìgbà tó bá ti jẹ inú rẹ̀ tán. Nítorí náà, wọn kì í sinmi títú u, ṣíṣà á, pípààrọ̀ ewé: funfun lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ lọ́tọ̀. Lórí àpótí kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, ibẹ̀ náà sì ni ẹ máa ń bá wọn bí ẹ bá wá yá nǹkan. Wọn kì í gbójú sókè. Wọ́n á máa ṣa obì lọ, ẹ̀yin á máa rojọ́ yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé wọn kò fetí sílẹ̀ ni. Ní báyìí, mo gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń rọrùn láti bẹ ẹni tí kò tẹjú mọ́ni. Bí ẹ bá rojọ́ tán, wọ́n á pe ọ̀kan nínú wa, wọ́n á ní, "Gbé ìwé wá."

Àwọn kan lọ́jà máa ń sọ pé ìdí tí Ìyá fi ń tà láwìn ni pé obì kì í dúró deni, pé ó sàn kó wà lọ́wọ́ onígbèsè ju kó jẹrà sílé. Ọ̀rọ̀ oníṣòwò nìyẹn, n kò gbà á. Owó kì í jẹrà, Ìyá sì ń yá yín lówó. Wọn kì í ṣe òṣómàáló tí yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nǹkan kan wà tí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀, tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí. Bí oṣù Ràmádáànì bá ti ku díẹ̀, Ìyá máa ń ní kí a ka ìwé náà sétí àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A rò pé wọ́n fẹ́ mọ iye tó wà níta ni. Ẹni tí à ń kà lórúkọ ni wọ́n ń rò. Wọ́n á ní, "Dúró níbẹ̀. Ìyẹn kò tíì rí owó san láti ọdún tó kọjá, nǹkan kò dẹrùn fún un." Àwọn tí wọ́n bá ní kí a dúró lé lórí, àwọn là ń gbé ìrẹsì àti ṣúgà lọ fún. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Ìyá kò mọ̀ pé ẹ ṣì jẹ àwọn ní gbèsè ni wọ́n fi oúnjẹ ìṣínu ránṣẹ́ sí, èmi sì wà lára àwọn ọmọ tó gbé e wá. Ẹlòmíràn nínú yín kò jáde sí wa. Ẹ rán ọmọ pé ẹ kò sí nílé. A gbé e sílẹ̀ fún ọmọ náà.

Àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́ ti ń gbó, inú wọn sì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. "Aránṣọ" wà níbẹ̀. Nínú àwọn ọmọ Íbò tó sá kúrò ní Kánò ní 1966 nígbà tí wọ́n ń pa wọ́n ni ìyá yìí wà, aládùúgbò wa ni, ó sì kó ẹ̀rọ ìránṣọ àti àpótí aṣọ rẹ̀ sọ́dọ̀ Ìyá kó tó lọ. Ní gbogbo ọdún tí ogun fi jà, Ìyá ń fi òróró pa ẹ̀rọ náà kó má baà dípẹtà. Nígbà tí ogun parí ní 1970, ó padà wá. Àwọn tó ní owó ní báńkì lára wọn, ogún pọ́ùn péré ni ìjọba fún wọn, iye yòówù tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Ìyá gbé ẹ̀rọ fún un, wọ́n gbé àpótí fún un, wọ́n tún gbé apẹ̀rẹ̀ obì méjì lé e lórí láwìn. Ìlà tí a fi kọ apẹ̀rẹ̀ méjì yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó fa nǹkan lé e. Ẹ̀yin ọmọ aránṣọ, bí ẹnikẹ́ni bá lè ka èyí sí yín létí, ìyá yín kò jẹ ìyá wa ní nǹkan kan.

"Ará Gánà" náà wà níbẹ̀, ó sì lé ní ẹyọ kan. Nígbà tí ìjọba Busia ní oṣù Kọkànlá 1969 ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọ̀pọ̀ Yorùbá mìíràn tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn ṣòwò níbẹ̀ padà wálé lọ́wọ́ òfo. Àwọn tí ilé kò gbà ló wá sí Kánò. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n sùn sí, Ìyá sì ń pín obì fún wọn bí wọ́n ṣe ń dé, kí kálukú lè gbé igbá jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn san án. Àwọn tí kò san án, ẹ̀yin ni mo ń bá wí: ó ti tán.

Mo tún fẹ́ dárúkọ oṣù Kẹrin 1984. Ìjọba ológun Buhari kéde pé owó tó wà lóde yóò di bébà, wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n sì fún aráyé ní àkókò díẹ̀ láti gbé e lọ pààrọ̀ ní báńkì. Lọ́sẹ̀ náà, àwọn onígbèsè tí kò ti yọjú láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pẹ̀lú owó àtijọ́ nínú àpò. Gbogbo ilé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyá gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní kí a fa ilà lé gbèsè náà. Ìlà báńkì gùn títí dé títì, owó náà kò rí pààrọ̀ tán, èyí tó kù ṣì wà nínú àpótí Ìyá tí a ṣí lẹ́yìn ikú wọn, tí a fi ọ̀já dì. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn ń bínú, ohun tí Ìyá sọ ni pé, "Owó tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi san. Ẹ fa ilà náà." Nítorí náà, bí ẹ bá wà lára àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọkàn yín sì ti ń dà yín láàmú láti ìgbà náà, nínú ìwé Ìyá, ẹni tó san gbèsè rẹ̀ ni yín.

Yorùbá ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Igi yẹn ni mo rí tó dùn mí jù nínú ayé Ìyá, kì í ṣe owó. Àwọn èèyàn tó ti ń jẹun nílé wa, tó ń pè mí ní ọkọ mi, á yá nǹkan, wọn kò ní rí i san, wọn kò sì ní wá mọ́. Ẹlòmíràn á rí Ìyá lókèèrè, á yà sínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ti ní nǹkan rà. Ìyá mọ̀. Ọ̀nà tó yá jù láti ilé wa sí ọjà Sábọ̀n Gàrí gba iwájú ilé obìnrin kan tó jẹ wọ́n ní gbèsè, ó sì ti pẹ́ tí Ìyá ti pa ọ̀nà yẹn tì. Wọ́n ń gba ọ̀nà tó jìn, pẹ̀lú eékún tó ń dùn wọ́n, kí obìnrin náà lè máa jókòó ta ẹ̀pà rẹ̀ níwájú ilé láìsí pé ó ń sá wọlé. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi ránṣẹ́ sọ fún un pé wọ́n ti fi jì í, wọ́n ní bí àwọn bá rán ẹnikẹ́ni, ẹni náà á mọ̀ pé ó jẹ gbèsè. Wọn kò fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́pà, ẹ wò ó, n kò dárúkọ yín. Ẹ máa bọ̀ nílé wa.

Ìwé kíkọ tí Ìyá tẹnu mọ́ yìí kò tako yíyọ̀ǹda tí wọ́n yọ̀ǹda. Inú sùúrà kan náà ni wọ́n ti gbọ́ méjèèjì, nílé kéú obìnrin tí wọ́n ń lọ nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Nínú Sùúrátùl Bàkárà, ẹsẹ 282, Ọlọ́run ní kí ẹ kọ gbèsè sílẹ̀ bí ẹ bá bára yín ṣe é di ọjọ́ kan. Ẹsẹ 280 ti ṣáájú rẹ̀ pé bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí ẹ fún un láyè títí yóò fi rọrùn fún un, àti pé bí ẹ bá fi ṣe sàárà, ìyẹn ló dára jù fún yín. Àwọn àfáà lè ṣàlàyé rẹ̀ jù báyìí lọ. Ìyá kò ṣàlàyé, wọ́n kàn ń ṣe é ni.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé owó tó ń lé yín sá fún wa kò sí mọ́. Ní 1980, náírà kan lágbára ju dọ́là kan lọ. ₦200 tí ọmọkùnrin Ṣakí gbà nígbà náà lè gbé èèyàn dúró lórí òwò. Lónìí, kò lè ra ju obì díẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin Ṣakí yóò ti di bàbá arúgbó ní báyìí. Bí ó bá wà láàyè, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sá fún ilé tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dé ojú ìwé rẹ̀. "Ẹ̀rín ọmọ yẹn," Ìyá á ní, "ṣé ẹ gbọ́ nǹkan nípa rẹ̀?"

Ní ti ohun tí Ìyá jẹ ẹlòmíràn, a kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Nínú ẹ̀sìn wa, a kì í pín ogún kí a tó san gbèsè òkú. A kéde rẹ̀ lójú sàréè pé kí ẹni tí Ìyá bá jẹ ní nǹkan wá. Ọkùnrin tó ń ta ewé tí a fi ń bo obì wá, a san tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá ló tún ń gba àjọ àwọn obìnrin àdúgbò wa, a sì bá owó àjọ náà nínú àpótí, ìpín kálukú lọ́tọ̀ nínú ọ̀rá tirẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ òwú tí a fi so ó. Púpọ̀ nínú wọn ti wá gba tiwọn. Ó ku ọ̀rá tó ní òwú aláwọ̀ ewé àti èyí tó ní òwú dúdú. Ẹ̀yin tí ẹ ni wọ́n mọ àwọ̀ yín, ẹ sì mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wá, ẹ sọ iye náà, ẹ gbà á.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìwé yìí nìkan ni ìwé tí ìyá wa fi sílẹ̀. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìjọba kankan tí mo mọ̀ ju káàdì ìdìbò lọ. Àwọn tó kọ ìtàn Sábọ̀n Gàrí kọ nípa réluwé, wọ́n kọ nípa gómìnà òyìnbó, wọ́n kọ nípa rògbòdìyàn, wọ́n sì kọ nípa àwọn ọkùnrin tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Obìnrin tó jókòó lórí àpótí kékeré, tó gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lórí òwò ní ìlú tó jìnnà sí ilé wọn, kò sí níbẹ̀. Àwa ọmọ àti ọmọ ọmọ mọ ìdajì ìtàn rẹ̀, nítorí Ìyá kì í sọ ohun tí wọ́n ṣe fún èèyàn. Ẹ̀yin lẹ mọ ìdajì tó kù. Kí lẹ fi owó náà ṣe? Ọmọlanke yẹn, ṣé ó pẹ́ lọ́wọ́ yín? Ṣé àgùnbánirọ̀ dé Bàúṣì, ta ló wá dà? Ọmọ tí Ìyá san owó ilé ìwé rẹ̀, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ẹ wá sọ fún wa, kí a kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Ìyá ní kí a kọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí a kọ orúkọ yín, a kò ní kọ ọ́.

Bí ẹlòmíràn bá sọ pé àfi kí òun san án dandan, ẹ má gbé owó wá sílé wa, a kò ní gbà á. Ẹ fi ra omi sí mọ́sálááṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní àdúgbò yín nínú oṣù ooru. Ìyá kò ní bínú sí ìyẹn.

Ìwọ àbúrò mi tó gba owó lọ́wọ́ Ìyá nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìwọ tí wọ́n dá dúró níbi iṣẹ́, ìwọ lo kẹ́yìn nínú ìwé náà, ọwọ́ mi ni mo sì fi kọ ọ́. Mo rí ọ lọ́jọ́ tí a ń gbé Ìyá jáde. O dúró sí òdìkejì ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ onítíì, o kò wọlé. Ìyá ti béèrè rẹ lẹ́yìn tí o lọ, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá o ti rí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń wá ẹni tí yóò máa bá a tú ọjà ní ọjà obì Mariri. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ owó òṣìṣẹ́. Wá kí o rí i.

Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé ogójì ọjọ́ Ìyá ni a ó ṣe àdúrà, láàárọ̀, nílé wa ní Sábọ̀n Gàrí. Ẹni tí kò bá mọ ilé náà mọ́, kó béèrè ilé Ìyá Olóbì lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú àwọn tó ń ta gorò. Kò sí aṣọ ẹbí. Àmàlà yóò wà, tùwó yóò wà, a ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wá lẹ́yìn tí èrò bá ti lọ.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ tó kọ ìwé náà,
Sábọ̀n Gàrí, Kánò.